Ọ̀gá Yao, Ẹni Tí Ó Mọ Bí A Ti Í Pàdánù Ayò

Bí ènìyàn bá bi Yao Dingbo léèrè bí ó ti lo ayé rẹ̀ nídìí ayò, yóò kọ́kọ́ bu tíì sí ife kékeré kan fún onítọ̀hún, yóò fi ọwọ́ nu ẹnu, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọ́n ti pa á ní ayò.

"Ọ̀ta ìlú Shanghai pa mí. Baba olójú kan ará Hubei pa mí, ojú tó fọ́ gan-an ló fi ń wò mí. Ọmọge kan láti Hebei pa mí, ó tún ń họ orí, ó ní òun rò pé n ó mọ̀ ọ́n ta ju báyìí lọ. Kò sí àgbà ọ̀ta kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí kò tíì gbé mi ṣánlẹ̀. Ta ló ní irú ẹ̀ nínú yín?"

Gbogbo àwa tí a máa ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán ní àdúgbò wa ní Chaozhou, a ti gbọ́ ọ débi pé a lè kà á fún un. Síbẹ̀ a óò rẹ́rìn-ín, ẹnìkan yóò sì sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ rẹ ara yín sílẹ̀, ta ni kò mọ̀ yín?" Yao yóò mi orí bí ẹni tí kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí rẹ̀ nígbà náà. Etí ẹni tó ń retí nǹkan, tí nǹkan náà sì dé, kì í fara sin.

Ayò tiwa kì í ṣe oníkóró. Ogun ni: ọba, ọmọ-ogun, ẹṣin, erin, kẹ̀kẹ́-ogun àti àgbá, lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, odò kan sì là á láàrin. Láti kékeré ni a ti ń ta á, bàbá ń pa ọmọ, ọmọ ń dàgbà, ọmọ ń pa bàbá. Yao nìkan ni ìjọba fi oyè ọ̀gá dá lọ́lá nínú wa.

Oyè náà pàápàá, ẹ̀sín ni ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe bí ó bá ń sọ bí ó ṣe jẹ ẹ́. Ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè ni, ní Shantou lẹ́bàá òkun, kò jìn sí wa. Ó ku ayò kan ṣoṣo, ẹni tó sì kù tí yóò bá ta ni ará Liaoning kan, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí kò rí òkun rí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Yao ṣe é lálejò, ó mú un lọ jẹ ìṣáwùrú ẹlẹ́jẹ̀. Àwa kì í se é. Omi gbígbóná la kàn ń dà lé e lórí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa ṣàn sí ìka ẹni bí a bá ṣí i. Àwa tí wọ́n fi já lẹ́nu ọmú kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn ará òkè kò mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé ẹṣin kan, ó dìde, ó jáde. Ó padà, ó gbé àgbá kan, ó tún jáde. Nígbà tó ṣe, ó lọ, kò padà mọ́, aago rẹ̀ sì ń kà lọ lórí tábìlì títí àkókò rẹ̀ fi tán.

"Ìṣáwùrú ló joyè," ni Yao máa ń wí, "èmi kàn bá a gbé ìwé rẹ̀ wálé ni."

Ohun tí kì í sọ ni pé ará Liaoning náà ti pàdánù kẹ̀kẹ́-ogun kan kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bá òun sọ ọ́. Ẹni tó bá ń bú ara rẹ̀ láwùjọ, ó ti mọ ẹnu ọ̀nà tí oríkì yóò gbà wọlé.

Lẹ́yìn oyè ni ìpínlẹ̀ gbà á sínú ẹgbẹ́ ayò rẹ̀. Ayé ìgbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín níwọ̀n la fi ń ra ṣúgà, tíkẹ́ẹ̀tì la fi ń ra aṣọ. Wọn a kó ẹgbẹ́ náà sínú bọ́ọ̀sì, wọn a gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́, sí ibi ìwakùsà, sí àgọ́ ọmọ-ogun, kí àwọn ènìyàn lè fojú ara wọn rí bí ọ̀gá ṣe ń dijú bá odidi yàrá èèyàn ta. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé ni olórí ibẹ̀ ti ń fẹ́ ta ọ̀kan. Olórí tó kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí àlejò wá pa á lójú wọn? Ọ̀gá Lu, olórí ẹgbẹ́, mọ̀ pé irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í rí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ títí, Yao ló yàn pé kó máa pàdánù.

Àwọn yòókù kò lè ṣe é. Bí ọ̀kan bá pàdánù, ojú rẹ̀ yóò le koko. Òmíràn á sáré pàdánù bí ẹni ń da ilẹ̀ nù. Yao nìkan ló mọ̀ pé pípàdánù níṣẹ́.

"Ẹ kọ́kọ́ gba iwájú," ni ó máa ń kọ́ wa lábẹ́ ọ̀dán, bí ẹni pé a tún máa bá olórí ilé iṣẹ́ kankan ta. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá làágùn. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe àṣìṣe, àṣìṣe kékeré, níbi tójú rẹ̀ lè tó. Tó bá rí i, á rò pé ọgbọ́n òun ni. Ẹni tó bá pàdánù láìkọ́kọ́ gba iwájú, kò pàdánù o, ó ń tọrọ ni."

Olórí ilé iṣẹ́ ṣúgà kan yọ̀ lọ́jọ́ tó pa á débi pé odidi àpò ṣúgà ni wọ́n gbé sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá Yao pín in káàkiri àdúgbò, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun jẹ ayò ni wọ́n fi fún un. Yao dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A jẹ ṣúgà náà láìbèèrè.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣẹ́ yìí bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni ó sì fẹ́ràn láti máa sọ jù. Àgọ́ ọmọ-ogun kan ni wọ́n lọ, ọ̀gá wọn sì jókòó sídìí ọpọ́n. Ká ní òpe lásán ni, Yao ìbá rí i bá ṣe, ṣùgbọ́n òpe tó ń fura ni. Yao gbé kẹ̀kẹ́-ogun tirẹ̀ lọ síwájú ẹṣin ọkùnrin náà, pé kó jẹ ẹ́. Ọ̀gá ọmọ-ogun wo kẹ̀kẹ́, ó wo ojú Yao, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rò pé mi ò rí i, àbí?"

"Kí lẹ rí, sà?"

"Pàkúté ni."

Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó lọ ti ọmọ-ogun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yao tún gbé àgbá kan sún mọ́ ọn. "Èyí náà, mo rí i," ni ọkùnrin náà wí, ó sì sá fún un. Ooru mú Yao. Gbogbo ohun tó bá gbé kalẹ̀ fún jíjẹ ni ọ̀gá náà ń yẹra fún, bẹ́ẹ̀ ni ọba tirẹ̀ ń há lọ díẹ̀díẹ̀ sí kọ̀rọ̀, láìsí ẹni tó lé e. Nígbà tó yá, Yao wá ibi tí òun lè gbé ọwọ́ sí tí ọba náà kò fi ní kú, kò rí. Ó pa á. Ọ̀gá Lu kò bá a sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi délé.

"Ẹ ẹ̀ rí ayé mi," ni Yao máa ń fi parí rẹ̀. "Títí kan pípàdánù náà, mo fìdí rẹmi níbẹ̀."

Ẹnìkan ṣoṣo ló wà láyé tí Yao kì í ṣe iṣẹ́ yìí fún. Weng Jitang ni, oníṣègùn eyín tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí igi ọ̀dán wa. Ìhòòhò ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wẹ̀ nínú odò Han. Títí wọ́n fi darúgbó, Ah Bo ni Weng ń pe Yao, Ah Tang ni Yao ń pe Weng, kò sì sí ẹlòmíràn tó láyà láti pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohùn Weng ròkè, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ kò ní àbùlà.

Weng fẹ́ràn ayò, ayò kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹṣin ni Yao máa ń fún un. Báyìí la ti ń ṣe é: bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fẹ́ bá ẹni tí kò tó o ta, yóò mú ẹṣin kan kúrò nínú ogun ara rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fúnni náà ni yóò sì kọ́kọ́ gbé. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí o bá gba ẹṣin lọ́wọ́ ènìyàn, o ti dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo mọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń kú sídìí ọpọ́n lójoojúmọ́ ayé wọn, tí wọn kò jẹ́ gba ẹṣin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú ikú gidi. Weng ń gbà á bí ẹni ń gba oògùn. Ẹṣin Yao yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì, yóò máa wo ogun, títí ayò yóò fi parí.

Nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, erìgì kan ń ro Yao, ó lọ jókòó sórí àga Weng.

"Ah Tang, ṣé yóò dùn mí?"

"Yóò dùn ọ́ gan-an. La ẹnu."

Ó dùn ún gan-an. Nígbà tí omi ṣì ń dà lójú rẹ̀, Weng na eyín náà sí i. "Ṣó o rí i? Mi ò purọ́ fún ọ lórí àga mi. Ìwọ náà, má purọ́ fún mi nídìí ọpọ́n rẹ. Àwọn olórí ilé iṣẹ́ ni kó o máa pàdánù fún. Ọjọ́ tó o bá fi ayò ta mí lọ́rẹ, mi ò mọ̀ ọ́ rí." Yao kò lè sọ̀rọ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀, ó mi orí pé òun gbà. Ó sì pa àdéhùn náà mọ́. Láàárín gbogbo ọpọ́n tí ó fi ìka rẹ̀ purọ́ lé lórí, ọpọ́n Weng ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́.

Àwọn méjèèjì darúgbó. Yao kúrò nínú ẹgbẹ́, Weng fi ìdajì ọjọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìdajì sábẹ́ ọ̀dán. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Weng bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ayò lemọ́lemọ́. "Ẹṣin tí mo fún un ló ń pa mí o," ni Yao yóò wí, a óò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́, àwa náà gbà á gbọ́.

Orúnkún Weng ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ Meizhu sì ní dandan, bàbá òun gbọ́dọ̀ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Harbin. Harbin! Níbi tí omi ti ń di yìnyín kó tó kan ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ife ràgàjì mu tíì bí ẹni tó ń fún màlúù lómi. Weng kọ̀ jálẹ̀ fún oṣù kan, ó wá gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó dé abẹ́ ọ̀dán, ó jókòó, nígbà tí Yao sì na ọwọ́ láti mú ẹṣin tirẹ̀ kúrò, Weng dì í lọ́wọ́ mú.

"Dá a padà síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ ká ta ọ̀kan lọ́gbọọgba kí n tó lọ. Lọ́la, láàárọ̀."

"Ah Tang, n ó pa ọ́ o."

"Pa mí. Ṣùgbọ́n fi ẹṣin méjèèjì pa mí."

Nígbà tí Yao délé, Lanzhen ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Ó ń bu ìrẹsì olómi fún un, ó ní, "Baba yìí, kí ló máa ná ọ? Ìwọ tó o pàdánù torí ṣúgà. Jẹ́ kó rí nǹkan mú dání lọ."

"Kì í ṣe fún Ah Tang," ni Yao wí. "Ẹlòmíràn ni kó o bẹ̀ mí fún." Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé òun jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀rẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Pé Weng lè pa òun láìjẹ́ pé òun fẹ́, èyí kò wá sí i lọ́kàn rárá.

Gbogbo àdúgbò ló pé síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ọmọlúàbí tó bá ń wo ayò kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọlúàbí lábẹ́ ọ̀dán wa. Ìyá Xie tó ń ta ẹran màlúù gígún rogodo fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Wọ́n ta. Yao gba iwájú, ó jẹ erin kan, ó jẹ ọmọ-ogun kan. Weng ń làágùn, kò sọ̀rọ̀, ohun tí a kò rí rí nìyẹn. A mu ife tíì àkọ́kọ́, a mu èkejì. Yao rí òpin ayò náà kedere lójú rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́-ogun rẹ̀ sọdá odò láti lọ parí iṣẹ́.

Weng gbé àgbá. Àgbá tiwa kì í jẹ nǹkan bí kò bá rí ohun tí yóò fò kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ-ogun kan dúró níwájú èyí, Yao sì ti kà á sí ògiri láti àárọ̀. Weng fi í ṣe àkàsọ̀. Àgbá fò ó, ó kọjú sí ọba Yao gbangba, ọba kò sì rí ibi sá sí.

Yao wo ọpọ́n. Ó tún un wò. Àgbá náà kò fara pamọ́, ibẹ̀ ló wà látìgbà yìí.

"Mo kú," ni ó wí.

Ìyá Xie ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, Yao ló sì ń pàtẹ́wọ́ fún, kì í ṣe Weng.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ṣe é? Ó kọ́kọ́ gba iwájú. Ó jẹ́ kí dókítà làágùn. Ó wá ṣe àṣìṣe kékeré kan níbi tójú tó."

"Bó ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn," ni ẹlòmíràn wí.

"Ẹ̀bùn ìdágbére gidi! Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́!"

Ife tíì kẹta wà lọ́wọ́ Weng, kò tíì mu ún. Ayọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kò tíì gbilẹ̀ tó fi ń kú lọ. "Ah Bo," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni Yao ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀: rárá. Ṣùgbọ́n ìyìn wa ti wọ̀ ọ́ létí, ó dùn, ìtìjú tó sì bò ó nígbà tó rí àgbá náà ń wá ibi tí yóò sá sí, ìyìn wa ni ó rí sá sí. Dípò kó sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó máa ń rín fún àwọn olórí ilé iṣẹ́.

Weng gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tíì nínú rẹ̀. Ó di tábìlì mú, ó dìde, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, a ń yin Yao. Ìyá Xie fi ẹran kún ẹran fún un nínú àwo, ó sì jẹ ẹ́. Nígbà tó délé ni Lanzhen bojú wò ó.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá."

"Wọ́n ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mi ò rí àgbá yẹn, Lanzhen. Mo wò ó, mi ò rí i."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ lo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé o ò mọ ayò ta. Ó wá di òótọ́ báyìí, ojú ń tì ọ́!"

Kò dùn mọ́ ọn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rò ó. Ó rí i pé òun kò tíì bú ara òun rí ní gbogbo ayé òun. Ńṣe ló ń ju iyì rẹ̀ sílẹ̀ láàrin wa kí a lè sáré gbé e fún un padà, a sì ń gbé e. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Weng. Ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń ró nínú ilé, Weng ń di irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ah Tang, ṣílẹ̀kùn."

"Mo ti kógbá sílé. Bí eyín bá ń ro ọ́, lọ sí ọsibítù."

"Mi ò rí àgbá yẹn. O pa mí ni."

"Ìwọ? Ìwọ tó ò ń dijú bá odidi yàrá èèyàn ta, lo ò rí àgbá tó wà níwájú imú rẹ?"

"Ìgbà tí mo ń dijú ni mo ń ríran. Èyí tí mo là sílẹ̀ báyìí ni kò rí nǹkan mọ́."

"Ó tó! Àwàdà rẹ ti tó gẹ́ẹ́!" Irin kan já bọ́ nínú ilé. "Ẹ̀rín tó o rín fún mi lábẹ́ igi yẹn, mo mọ̀ ọ́n. O fi mí ṣe onílé iṣẹ́ ṣúgà." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Mo rò pé mo pa ọ́, Ah Bo. Ká tó gbé itọ́ mì, mo rò pé mo pa ọ́ lóòótọ́."

Yao dúró síbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi sọ pé òun kò tó nǹkan, ó ti ná wọn tán nídìí ẹ̀rín. Kò ku ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni yóò gbà gbọ́. Ó padà sílé, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Weng ń lọ, ọkọ̀ ti ń bọ̀, Meizhu ti kó ẹrù bàbá rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ènìyàn kò lè fi àdúgbò wa sílẹ̀ láìdágbére fún àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀dán, nítorí náà Weng kọjá wá, ó ń mú wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yao ti wà níbẹ̀. Ó ti to ọpọ́n kalẹ̀, ogun méjèèjì pé, kò sì tíì sọ ìtàn kankan láti àárọ̀. Nígbà tí Weng kàn án, kò na ọwọ́ sí i. Ó na ọwọ́ kọjá odò, sí ogun tó kọjú sí i, ó mú ẹṣin kan nínú ogun Weng, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì.

"Ọ̀gá!" ni Ìyá Xie pariwo. "Ẹ̀yin? Kẹ́ ẹ gba ẹṣin lọ́wọ́ ayọyín? Ẹ má bá wa ṣàwàdà."

"Mi ò ṣàwàdà, Ìyá Xie. Mo gba ẹṣin." Ó kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́. Àgbá yẹn, mi ò rí i. Ó pa mí. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo fi pa fún un, torí ìyìn yín dùn létí mi."

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Weng tẹ̀ síwájú, ó bojú wo Yao láti sún mọ́ tòsí, bí ó ti máa ń wo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó ń sọ pé kò dun òun.

"Ṣó ń dùn ọ́, Ah Bo?"

"Ó ń dùn mí gan-an."

Weng wò ó síwájú sí i. Meizhu pe bàbá rẹ̀ pé ọkọ̀ ti dé. Weng fa àga, orúnkún rẹ̀ ké, ó jókòó. Yao bu tíì fún un, ó mu ún tán. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó fúnni ní ẹṣin ni ó ń kọ́kọ́ gbé. Ọwọ́ náà dúró lórí ọpọ́n, ó wá mú àgbá kan, ó tì í sí àárín gbùngbùn.

"Gbé tìẹ," ni Weng wí. "Mi ò sì ní ṣàánú ẹ o."

Kò ṣàánú rẹ̀. Awakọ̀ ń fọn fèrè, Meizhu ń bẹ̀bẹ̀, Weng sì pa á, tòun ti ẹṣin tó gbà. Ó dìde, ó gbá Yao létí jẹ́jẹ́ bí a ti ń gbá ọmọdé, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Harbin pẹ̀lú orí tó gbé sókè.

Di òní, bí àlejò bá bi Yao léèrè bí ó ti lo ayé rẹ̀ nídìí ayò, yóò ka orúkọ wọn: ti Shanghai, ti Hubei, ọmọge Hebei. A óò máa rẹ́rìn-ín. Yóò wá dé orí èyí tó kẹ́yìn: "Weng Jitang, ayọyín àdúgbò wa, pa mí. Ó fún mi ní ẹṣin, ó tún pa mí." Níbẹ̀, ẹnì kankan kì í sọ fún un pé kó má rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà kì í dúró dè é. Yóò bu tíì fún àlejò, yóò sì sún ọpọ́n síwájú rẹ̀.